Bàbá Manbok Ò Fọwọ́ sí Ìnṣọ́ránsì

Ẹjọ́ kan já wọ ààfin Baálẹ̀ wa lánàá, ẹjọ́ tó jẹ́ pé ẹni tó ń rò ó ń sunkún, àwọn tó ń gbọ́ ọ ń fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa bọ́. Ààfin tí mo wí yìí, ẹ má rò pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni o. Gbọ̀ngán abúlé wa ní Bamgol, lódìkejì òkun sí Jàpáànù, ni. Yàrá kan, ilé ìdáná kan, àti ilẹ̀ tí iná ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá kó lè máa gbóná fún eegun àgbà.

Sonu ni orúkọ Baálẹ̀ wa, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ọmọdé ni láàárín wa. Nínú gbogbo ìgbìmọ̀ tó jókòó lánàá, òun nìkan ni eyín rẹ̀ pé. Ìyà tó ń jẹ ẹ́ nìyẹn: kó tó lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí onítọ̀hún.

Ìyá Bunnye ló pẹjọ́. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Manbok, ló pè lẹ́jọ́. Bàbá ò tiẹ̀ dìde. Ibi tí ilẹ̀ ti gbóná jù nínú yàrá yẹn, ti ọkùnrin tó dàgbà jù lábúlé ni, ibẹ̀ náà ló sì jókòó sí, bí ẹni tí wọ́n fi símẹ́ńtì mọ mọ́lẹ̀.

Baálẹ̀ kúnlẹ̀, ó forí kanlẹ̀.

"Ẹ kú ọjọ́ orí o, bàbá. Wọ́n ní ẹjọ́ wà lọ́rùn yín."

"Ọrùn ò dùn mí. Máa bá iṣẹ́ ẹ lọ."

"Ó dáa. Ìyá, ẹ wí."

Ìyá Bunnye nu imú. "Baálẹ̀, ẹgbẹ́ àgbà ń wọkọ̀ ojú omi lọ sí Jàpáànù lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ọjọ́ márùn-ún péré. Àbúrò mi obìnrin wà níbẹ̀, ní Fukuoka. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tó ti bá ọkọ lọ. Kò lè rìn mọ́. Ó ní kí n wá, kí á jọ jẹun lẹ́ẹ̀kan sí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó ń kó wa lọ wá ní ẹni tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún tí kò ní ìnṣọ́ránsì, èyí tí àwọn akọ̀wé ń pè ní adójútòfò, kó má wulẹ̀ dé èbúté."

"Ọ̀rọ̀ gidi ni. Kí ló wá dé?"

"Gbogbo wa la ti fọwọ́ síwèé. Bàbá Sunok nìkan ló kọ̀." Manbok ni orúkọ bàbá gan-an; Sunok ni àkọ́bí wọn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń pe ọkọ rẹ̀. "Ó ní òun ò ní fọwọ́ sí nǹkan kan. Ó ní bí òun ò bá lọ, èmi náà ò gbọdọ̀ lọ, torí ta ni yóò se oúnjẹ fún òun? Ó wá kó ìwé ìrìnnà mi pamọ́!"

Yàrá hó yèè. Baálẹ̀ yíjú sí bàbá.

"Bàbá, kí ni ìnṣọ́ránsì fi ṣẹ̀ yín?"

"Ìwọ náà ti ka ìwé yẹn rí? Mo wọ gíláàsì, mo kà á tán. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n kọ ikú síbẹ̀! 'Bí o bá ṣubú.' 'Bí o bá rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀.' 'Bí a bá fẹ́ gbé òkú rẹ wálé.' Ṣé ìwé ìrìn àjò nìyẹn àbí èpè? Èèyàn ń lọ wẹ omi gbígbóná tó ń sun nílẹ̀ ní Jàpáànù, ẹ ní kó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìsìnkú ara ẹ̀!"

"Ṣùgbọ́n, bàbá, àgbà ti dé sí yín..."

"Ara mi le! Ẹ bi Ìyá Yongho. Ọgbà ata wa ò jìnnà síra. Òun ni ẹlẹ́rìí mi."

Ìyá Yongho sún síwájú. Obìnrin yìí, bó bá ti rí etí méjì tó ṣí sílẹ̀, kò nílò oúnjẹ mọ́.

"Òótọ́ ni, Baálẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ bàbá, n ò rí i kí wọ́n lọ sí ọsibítù rí."

"Ẹ gbọ́ ọ!" ni Bàbá Manbok wí.

"Àfi lóṣù kejì, tí wọ́n yọ̀ ṣubú lórí yìnyín."

"Ìyẹn kì í ṣe àìsàn!"

"Kì í ṣe àìsàn rárá. Ọrùn ọwọ́ wọn ló kàn ṣẹ́. Àti ìgbà ìkórè, tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá wọn kú lórí katakata, tí katakata ń bá tiẹ̀ lọ títí ó fi wọnú odò. Àti ti..."

"Mo ní kí o jẹ́rìí, mi ò ní kí o kéwì mi!"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n wí, bàbá."

Ìyá Bunnye na ìka sókè. "Baálẹ̀, ẹ rántí Bàbá Chilgu abúlé òkè? Òun náà ní ara òun le. Ó yọ̀ ní ilé ìwẹ̀ ní Jàpáànù lọ́hùn-ún, itan rẹ̀ kán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà ní ọsibítù wọn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ta gbogbo màlúù kí wọ́n tó rí i gbé wálé. Ẹ má rò pé torí ti ọkọ mi ni mo ṣe ń pariwo o. Bó bá ṣubú, òun á sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi ni màá dúró níwájú dókítà tí mi ò gbọ́ èdè ẹ̀, tí mi ò mọ ohun tí mo máa tà."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu gbogbo èèyàn. Baálẹ̀ alára wolẹ̀. Ó mọ̀ pé bí ẹjọ́ yìí bá wọ́, ìyá ò ní rí àbúrò rẹ̀ mọ́ láyé. Ó gbójú sókè.

"Níbo ni ìwé ìrìnnà ìyá wà?"

Bàbá Manbok bu tíì mu. Ìyá Yongho ló dáhùn. "Inú ìkòkò ẹ̀wà sóyà ni! Mo rí wọn tí wọ́n ṣí ìkòkò ní ìdájí."

"Irọ́ ńlá!" Bàbá Doksu ló sọ̀rọ̀ yẹn, ẹni tó máa ń jókòó tẹ̀ lé Bàbá Manbok, níbi tí ilẹ̀ ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. "Abẹ́ ilé adìẹ ni. Ojú mi báyìí ló ṣe!"

"Ìwé kan ṣoṣo, níbi méjì?" ni Baálẹ̀ bi wọ́n. "Ìyá Yongho, ẹ rí ìwé náà ní tòótọ́?"

"Mi ò rí ìwé o. Ìkòkò ni mo rí."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá Doksu?"

"Ká má parọ́, adìẹ ni mo rí."

Baálẹ̀ ń wo Bàbá Manbok. Láti òwúrọ̀ ni bàbá yìí ti wà níbẹ̀. Ó mu tíì ife mẹ́rin. Kò sì tíì jáde lọ tọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde díẹ̀."

"Ẹni tó dàgbà jù kì í dìde fún ọmọdé."

"Ẹ gbé ìdí ọ̀tún nìkan."

Bàbá gbé ti ọ̀tún. Kò sí nǹkan kan.

"Òsì ńkọ́?"

Bàbá gbé ọ̀tún sọ̀kalẹ̀ ná, ó wá gbé òsì. Kò sí nǹkan kan.

"Bàbá mi, ẹ gbé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà."

Ìyá Bunnye ò dúró mọ́. Ó ti ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni yí àpò ìrẹsì. Ìwé ìrìnnà nìyẹn nílẹ̀! Ooru ti ká a kò bí ẹja gbígbẹ. Bébà kan sì wà lábẹ́ rẹ̀: ìwé ìnṣọ́ránsì bàbá, tí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ti kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sí, tó ku kó fọwọ́ sí i.

Bàbá Doksu ló kọ́kọ́ gbé e. Ó kà á. Ó nu ojú, ó tún un kà.

"Méjìdínlọ́gọ́rin!"

"Fún mi ní ìwé yẹn, Doksu."

"Méjìdínlọ́gọ́rin! Èmi tí mo pé ọgọ́rin lóṣù kẹta! Tó jẹ́ pé torí ọgọ́rin yẹn, dókítà mú mi sáré lórí ẹ̀rọ tí kì í lọ ibì kan, kí wọ́n tó gbà láti fún mi ní ìnṣọ́ránsì! Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń pe àbúrò mi ní ẹ̀gbọ́n! Manbok, ìwọ yìí, dìde lórí ìjókòó mi!"

Ariwo sọ. Bàbá Manbok fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi ná! Ọmọ mẹ́ta ni ìyá mi bí ṣáájú mi, gbogbo wọn ló kú. Ìgbà tí wọ́n bí mi, bàbá mi ní òun ò ní máa fi orúkọ ẹni tó fẹ́ lọ da àwọn ìjọba láàmú. Ọdún mẹ́ta ló fi ń wò mí bóyá màá dúró, kó tó lọ kọ orúkọ mi. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mí! Ìwé nìkan ló ń pè mí ní méjìdínlọ́gọ́rin. Bí mo bá wá fọwọ́ sí i, mo ti fọwọ́ ara mi sọ ara mi di àbúrò Doksu. Mo kúkú yàn kí n má lọ."

Hẹ̀n-ẹ́n. Ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn. Kì í ṣe ikú ni bàbá ń sá fún. Ìjókòó ni.

Baálẹ̀ yíjú sí ìgbìmọ̀ pé kí ni kí òun ṣe. Ìgbìmọ̀ ń wojú ara wọn. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ìwé rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀ bára mu. Ọ̀kan sún mọ́ Baálẹ̀ létí, ó ní, "Ọmọ mi, bẹ́ ẹ bá ní kí ìwé máa jọba níbí, ẹnu ọ̀nà ni èmi máa bára mi, níbi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé."

Baálẹ̀ kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. A mọ̀ pé ìdájọ́ ti dé.

"Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún lábúlé yìí, kó má sọdá omi láìní ìnṣọ́ránsì. Ẹni tó bá ṣubú ò mọ̀ ọ́n lára tó ẹni tó máa gbé e. Ní Bamgol, Bàbá Manbok, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù, ẹ̀yin lẹ ni ibi gbígbóná. Ilẹ̀ yìí mọ ọjọ́ tí ìyá yín bí yín. Jàpáànù ò mọ̀ ọ́n. Òkun ò mọ̀ ọ́n. Torí náà, láti ìgbà tí bírò bá ti kan ìwé títí ẹ ó fi sọ̀ kalẹ̀ padà ní èbúté, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni yín. Ẹ̀gbọ́n lẹ ó máa pe Bàbá Doksu. Ọwọ́ méjèèjì lẹ ó máa fi bu ọtí fún un, ẹ ó sì kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ tó mu tiyín, bí àbúrò ti ń ṣe níwájú ẹ̀gbọ́n. Bẹ́ ẹ bá kọ̀, láti ọ̀la lọ, ìwé la ó fi máa ka ọjọ́ orí gbogbo abúlé, àtààyè àtòkú."

"Fọwọ́ sí i, Manbok!" Gbogbo ìgbìmọ̀ ló pariwo.

"Ẹ̀yin Bàbá Doksu, ẹ ti sọ 'ìwọ' fún ẹ̀gbọ́n yín kí bírò tó kan ìwé. Ìtanràn yín ni pé ẹ̀yin lẹ ó ru àpótí wọn dé èbúté."

Bàbá Manbok rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó mú bírò.

"Baálẹ̀," ni Ìyá Bunnye wí, "ó ku ẹyọ kan. Bí ọkọ mi bá jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ẹni ọdún mélòó lèmi?"

Baálẹ̀ na ìwé ìrìnnà rẹ̀ tó ká kò, ó kà á.

"Mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ìyá."

"Bàbá tèmi ò dúró wò mí. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n bí mi ni wọ́n kọ orúkọ mi. Ó ti tó ọgọ́ta ọdún tí mo ti ń sọ 'ẹ' fún un, tó ń sọ 'ìwọ' fún mi."

Baálẹ̀ rí i pé ìdájọ́ òun ti di okùn, òun náà ò sì lè tú u.

"Ìwé ni ìwé, ìyá."

"Mi ò lọ mọ́!" ni Bàbá Manbok ké. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ti yí i ká. Ẹnì kan di èjìká mú, ẹnì kan tẹ ìwé mọ́lẹ̀. Ó fọwọ́ sí i.

Gbogbo wa wá ń wo ẹnu rẹ̀. Ó gbé ojú sókè wo ìyàwó rẹ̀. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ... ẹ dìde, mà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ìyá Bunnye ki ìwé ìrìnnà rẹ̀ bọ àyà, ó so gèlè rẹ̀ le, ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí gbogbo wa bọ́ bàtà sí.

"Sáré lọ to bàtà mi fún mi, àbúrò."