Ọjọ́ Tí Ìyá Ọkọ Mi Di Méjì ní Pálọ̀ Wa

Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí mi láyé yìí, títí kan ibi tí mo fi awò ojú mi sí láàárọ̀ òní, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi láéláé. Ìyẹn ni Sátidé tí ìyá ọkọ mi wọlé wá bá ọmọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, gèlè mi wà lórí rẹ̀, ó ń kí ìyá tó bí i káàbọ̀ bí ìyàwó ilé. Bí mo bá rántí rẹ̀ níbi tí kò yẹ kí ènìyàn ti rẹ́rìn-ín, ikọ́ ni mo máa ń fi bò ó.

Nǹkan bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pọ́n-ùn di náírà ni. Ọmọ Òṣogbo ni mí, ilé mùsùlùmí ni wọ́n ti bí mi, bàbá mi ń rán fìlà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mo wá fẹ́, onígbàgbọ́, Délé lorúkọ rẹ̀, ó ń tún rédíò ṣe ní Iléṣà. Yàrá kan àti pálọ̀ la gbà ní Ìsọ̀kùn. A fẹ́ràn ara wa, irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ni ìṣòro mi. Bí ọkọ mi bá ti jẹun tán, á nu ẹnu, á ní òun ń bọ̀, ó di ìdí ayò lábẹ́ igi òdán. Èmi nìkan á wá jókòó nínú ìlú tí mi ò mọ ẹnì kan, èmi àti àwọn rédíò tó wà nílẹ̀ fún àtúnṣe, tí ìkankan nínú wọn ò lè sọ̀rọ̀.

Ìyá rẹ̀ tún wá ń bẹ ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Màmá ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí kí a tó ṣègbéyàwó pé òun ò kórìíra mi o, òun kàn fẹ́ mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́ ni, àti pé ọjọ́ tí òun bá rí i pé mi ò tọ́jú ọmọ òun bó ṣe yẹ, òun á wá mú un lọ sílé. Ẹ gbọ́ mi o, bí ẹni pé agboòrùn ló yá mi. Mo wá ń rò ó pé bí Màmá bá gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ kì í jókòó sílé nírọ̀lẹ́, èmi ni wọn ó dá lẹ́bi. Mo gbọ́dọ̀ wá nǹkan tí á mú Délé jókòó tì mí.

Ọgbọ́n tí mo dá ni pé kí a wá eré kan tí àwa méjèèjì á jọ máa ṣe. Ó gbà. Ayò la kọ́kọ́ mú, torí òun ló mọ̀ jù. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ẹsẹ̀ bàbá mi ni mo jókòó sí dàgbà, níbi tí wọ́n ti ń ta ayò láti àárọ̀ dalẹ́. Mo jẹ ẹ́ ní àjẹ-tún-jẹ. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í pa ẹnu mọ́ ta ayò. Ẹni tó bá jẹ ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n bá jẹ ni òpè, ẹ̀sín tí ọ̀ta ń fi òpè ṣe ni iyọ̀ rẹ̀. Mo gbàgbé ẹni tí mò ń bá ta. "Òpè," ni mo wí, "òpè tí kò mọ ọmọ ayò yàtọ̀ sí àgbàdo. Ta ló ní kí o wá jókòó síwájú ọ̀ta?" Fèrèsé wa sì wà ní ṣíṣí.

Lọ́jọ́ kejì, nídìí omi ẹ̀rọ, Ìyá Fúnkẹ́ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa fà mí sápá kan. "Ìyàwó, má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ o. Bí ọkọ ẹni bá tilẹ̀ ya òpè, a kì í pariwo rẹ̀ jáde." Mo ṣàlàyé fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dànù nínú garawa rẹ̀. Ibẹ̀ la ti di ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ní ayò kì í ṣe eré tọkọtìyàwó.

A ra lúdò. Lúdò ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. Ọmọ mi ku díẹ̀ kó wọlé, ọkọ mi pa á, ó tún ń fi í rẹ́rìn-ín. Mo se ọbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn o, mi ò lè fi ebi pa ọkọ mi, ṣùgbọ́n ó wá ẹran inú rẹ̀ tì. Ó ní ká ṣe bojúbojú. Yàrá kan àti pálọ̀, ibo ni ènìyàn fẹ́ sá pamọ́ sí, inú kọ́bọ́ọ̀dù àwo ni? Ó mú káàdì wọ́ọ̀tì wálé, onílé wa tó jẹ́ àgbà ìjọ rí i lọ́wọ́ wa, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbàdúrà fún wa kí Ọlọ́run gbà wá lọ́wọ́ tẹ́tẹ́. Àdúrà náà gùn ju eré lọ. Lọ́jọ́ kejì ọkọ mi padà sábẹ́ igi òdán, èmi náà padà sídìí rédíò tí kò sọ̀rọ̀.

Eré tiwa gan-an, a ò wá a kó tó wá bá wa. Lálẹ́ ọjọ́ kan mò ń ròyìn fún un bí ìyá rẹ̀ ṣe yẹ ilé ìdáná mi wò nígbà tó wá kí wa. Mo so gèlè bíi tirẹ̀, mo tẹ ìbàdí, mo ṣí ìkòkò, mo sì yí ohùn padà sí ti Ìjẹ̀ṣà, torí ulé ni wọ́n ń pe ilé: "Ṣé èyí lẹ ń jẹ nínú ulé yìí?" Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ lórí àga. Kò tíì dìde tó fi kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó wá ń fi ohùn tínínrín dá mi lóhùn: "Ẹ má bínú, Màmá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fi ẹran sí i ni." Èmi ló ń sín jẹ. Ó dùn mí díẹ̀ pé ó mọ̀ mí tó bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe dá eré náà sílẹ̀ nìyẹn. Oníkálùkù á mú ẹni tó fẹ́ jẹ́, á wọ aṣọ onítọ̀hún, kò sì gbọ́dọ̀ jáde nínú ipò náà títí oúnjẹ á fi jinná. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, tàbí tó sọ̀rọ̀ ní ohùn ara rẹ̀, òun ló máa fọ ìkòkò. A ṣe onílé. A ṣe wolé-wolé tó rí tanwíjí nínú àmù. Ìyá Fúnkẹ́ gbóòórùn rẹ̀, ó ní òun náà fẹ́ wọ̀ ọ́, òun ló sì wá mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo wa lọ. Wọn ò rí ọkọ mi lábẹ́ igi òdán mọ́. Inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Ọjọ́ Sátidé tí mò ń wí yìí, ọ̀sán ni. A pín ipò: èmi lọkọ, Délé nìyàwó, Ìyá Fúnkẹ́ ni yóò jẹ́ Màmá Ìpetu tó wá kí wa. Ẹnu mi nìkan ló ti mọ Màmá, kò tíì fojú kàn án rí. Ó lọ múra ní yàrá rẹ̀. Mo wọ agbádá ọkọ mi, mo gbé fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo na ẹsẹ̀ sórí àpótí, mo fi ìwé ìròyìn àtijọ́ bo ojú. Délé ró ìró mi mọ́ àyà, ó wé gèlè, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú tíréè nílẹ̀.

"Ìwọ," ni mo wí, "ṣé oúnjẹ kò tíì jinná ni?" Adùn ńlá ni, kí èmi tí mo ń fi 'ẹ' bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, bí a bá yọ ti ìdí ayò kúrò, máa pè é ní ìwọ.

"Ẹ má bínú, olówó orí mi," ni Délé fi ohùn tínínrín dáhùn.

Ìgbà yẹn la gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà. "Àgò onílé o. Ará ulé dà?"

Mo ní lọ́kàn mi, Ìyá Fúnkẹ́, o mà mọ Màmá sín jẹ o. Mi ò gbé ìwé ìròyìn kúrò lójú. "Ẹ wọlé, Màmá. Ẹ tún ti dé nìyẹn. Ẹran inú ọbẹ̀ wa lẹ tún wá kà, àbí? Ìyàwó, ṣí ìkòkò fún wọn kí ọkàn wọn balẹ̀."

Mo gbọ́ tí ọkọ mi kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ o, Màmá ọkọ mi," ló wí. Mo yọjú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìròyìn, mo rí i tó gbé orí sókè, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní, ọkùnrin yìí mọ eré ṣe lónìí, èmi náà ò ní gbà. "Kí ló dé tí o ń gbọ̀n?" ni mo wí. "Ìyá mi kì í jẹ ènìyàn. Ìkòkò nìkan ló máa ń tú."

Nǹkan kan wá já bọ́ sílẹ̀ gbì-ì, iṣu sì ń yí lọ káàkiri pálọ̀. Mo wò ó nílẹ̀. Iṣu gidi ni. Mo ronú pé Ìyá Fúnkẹ́ kò lè ra iṣu nítorí eré. Mo sọ ìwé ìròyìn kalẹ̀.

Màmá gan-an ló dúró síbẹ̀, Màmá Ìpetu, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí. Kò pariwo. Ìbá pariwo, ìbá sàn fún mi.

"Délé."

"Mà," ni ọkọ mi dáhùn lórí ìkúnlẹ̀, lábẹ́ gèlè.

"Wọ́n ti sọ ọmọ mi di obìnrin," ló wí jẹ́jẹ́. "Dìde. Kó ẹrù rẹ. Ìpetu là ń lọ nísinsìnyí."

Mo fò kúnlẹ̀ nínú agbádá, apá rẹ̀ gbá tíréè, ẹ̀wà dà sí gbogbo ilẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, eré ni, eré là ń ṣe."

"Eré? Ọkùnrin ń kúnlẹ̀ fún ìyàwó tó fi owó orí fẹ́, ìwọ ọmọ Òṣogbo, o ní eré ni." Ó ti gbá ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ń fà á lọ sẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ìró, pẹ̀lú gèlè. Mo mọ̀ pé bí gbogbo Ìsọ̀kùn bá rí Délé báyẹn, kò ní lè ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́, àti pé bó bá dé Ìpetu, ó dìgbóṣe. Ẹkún ti gbọ̀n mí.

Ẹnu ọ̀nà yẹn ni Ìyá Fúnkẹ́ gbà wọlé. Ó ti fi eérú kun irun iwájú, ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ sórí ọ̀pá, gèlè rẹ̀ sì rí bí ti Màmá gẹ́lẹ́. "Ọmọ mi Délé dà?" ló wí. "Ta ló ń se ọbẹ̀ nínú ulé yìí?" Ó wá rí arúgbó kan tó di ọkọ mi lọ́wọ́ mú. Ó nàró. Ó bojú wò mí, inú bí i.

"Ta lẹ tún lọ pè? Èmi lẹ ní kí n ṣe ìyá ọkọ lónìí. Mo ti fi eérú ba orí mi jẹ́."

Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ni ìyá Délé?"

"Èmi ni."

"Èmi wá ńkọ́?"

"Ẹ lọ ṣe wolé-wolé," ni Ìyá Fúnkẹ́ fún un lésì.

Ohùn kan kọ́kọ́ jáde lábẹ́ gèlè bí ìgbà tí ìkòkò bá fẹ́ hó. Délé ni. Ó gbìyànjú láti dá a dúró, kò lè dá a dúró, ó jókòó sílẹ̀ láàárín ẹ̀wà, ẹ̀rín ń pa á lọ. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Ìyá Fúnkẹ́ na ọ̀pá sí Délé: "Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Òun ló máa fọ ìkòkò." Nígbà tí a sọ fún un lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ ẹni tí arúgbó náà jẹ́, ó dọ̀bálẹ̀. Obìnrin ni, kò tilẹ̀ rántí pé ìkúnlẹ̀ ni tiwa.

Màmá jókòó sórí àga. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ayò, lúdò, àdúrà onílé. Mo ní, "Màmá, ohun tí mo fẹ́ ò ju kí ọmọ yín máa jókòó tì mí nírọ̀lẹ́. Àdágbé ìlú onílùú ń ṣe mí." Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, àní Délé pàápàá. Délé wò mí bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi.

Màmá kọjú sí Ìyá Fúnkẹ́. "Rìn kí n rí." Ìyá Fúnkẹ́ rìn, ó ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tiro. "Rárá," ni Màmá wí. "Ìbàdí òsì ló ń dùn mí, kì í ṣe ọ̀tún." Ó wá nawọ́ sí mi. "Bọ́ agbádá yẹn."

Mo rò pé aṣọ ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ kó lọ. Ó gbé e wọ̀. Ó dé fìlà, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ohùn tó sì jáde kì í ṣe tirẹ̀. "Ìyá Délé, ṣé wọ́n ti fún àwọn ewúrẹ́ yẹn ní èèpo iṣu?"

Ẹ̀rín ọkọ mi dá. Ó rọra ṣí gèlè kúrò lórí. "Bàbá," ló wí. Bàbá rẹ̀ ti kú kí n tó mọ̀ ọ́n.

"Mi ò mọ̀ pé ó ṣì wà lẹ́nu mi," ni Màmá wí, ó ń fi apá agbádá nu ojú. Ìyá Fúnkẹ́ kò lè mú un mọ́ra. "Màmá, ohùn ara yín lẹ fi sọ ìyẹn o," ló wí. "Ẹ̀yin náà á bá wọn fọ ìkòkò." Màmá rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ Ìpetu lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó di Ọjọ́ Ajé mo di ẹrù Màmá kó lè bá mọ́tò àárọ̀ lọ. Ó bi mí pé ta ló ń rìnrìn-àjò. Ọ̀dọ̀ wa ló wà títí àwọn ará ilé ní Ìpetu fi ká kòkó tán. Bí ọ̀sán bá ti ń di ìrọ̀lẹ́, á ti bèèrè agbádá, torí kò gbà láti jẹ́ ẹlòmíràn, ọkọ ló ń ṣe lójoojúmọ́. Èmi á kúnlẹ̀, màá bu omi fún un, á ní kò tutù tó. Délé ò jáde nírọ̀lẹ́ mọ́ bí mo ṣe gbàdúrà rẹ̀, ṣùgbọ́n orí àpótí ló ń jókòó, wọ́n ti gba àga lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé tọkọtìyàwó tó bá fẹ́ ṣeré, kí wọ́n mú èyí tó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn. Èmi ò tì í. Ọkọ kan ni mo ń wá tí á jókòó tì mí nírọ̀lẹ́, méjì ni mo rí gbà, èyí àgbà ló sì ń rán mi níṣẹ́ jù.