Òkè Tí Wọ́n Ti Ń Mu Tíì

Máyọ̀wá ni afinimọ̀nà àwọn tó bá fẹ́ lọ fẹsẹ̀ rìn lórí àwọn òkè gíga ilẹ̀ Nepal, ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan létí títì márosẹ̀ ní Ore, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Bàbá Ọláyídé, àgbẹ̀ kòkó tí wọ́n bí ní Ore kó tó kó lọ sí Ago Alaye, wọlé tọ̀ ọ́ láago mẹ́wàá àárọ̀ nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Adédoyin, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí kò fojú kàn láti ọdún mẹ́sàn-án, ti sanwó láti òkè òkun kí òun àti bàbá lè jọ rin ìrìn ọjọ́ méjìlá náà; kò sí ìsinmi mìíràn tí wọ́n fún un lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún yìí. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí Máyọ̀wá bi bàbá ní ìbéèrè, kó sì buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kí aago méjìlá tó lù. Tí kò bá buwọ́ lù ú, wọ́n á fi ẹlòmíì dípò bàbá.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Bàbá, bàtà yín dà?"

"Ó wà nílé. Ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà."

"Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe gun ọ̀kadà dé Ore?"

"Ṣé èmi ni mo wà á ni? Bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ, ọmọ mi."

Máyọ̀wá tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe. Irú ọmọ tó máa ń ṣàlàyé ni, ì báà ṣe ohun tí wọ́n bi í tàbí èyí tí wọn ò bi í. Bàbá ti rí i lójú rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó sì ti pinnu pé òun á mú sùúrù fún un nítorí Adédoyin.

"Ìbéèrè kìíní, sà. Ṣé ẹ ti gun òkè rí?"

Bàbá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n bi bóyá ó ti jẹ iyán rí. "Ọdún méjìlélógójì ni mo ti ń gun òkè. Ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ méje, ọjọ́ mẹ́rìnlá. Èyí tó pẹ́ jù níbẹ̀, ọjọ́ mọ́kànlélógún."

"Háà! Bàbá, ẹ ju gbogbo oníbàárà mi lọ!" Máyọ̀wá ń kọ ọ́ wàràwàrà. "Ọjọ́ mọ́kànlélógún! Kí lẹ wá ń jẹ lórí òkè?"

"Kò sí."

"Kí ni kò sí?"

"Oúnjẹ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, omi ṣíbí kan. Ta ló ń gbé oúnjẹ lọ sórí òkè?"

Bírò Máyọ̀wá dúró sójú kan. Ó rọra gbé e sílẹ̀.

"Bàbá, òkè àdúrà kọ́ là ń sọ yìí o. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lójú ọ̀nà òkè tiwa, àwọn ilé tíì ló wà níbẹ̀. Ẹ ó rin wákàtí márùn-ún, mẹ́fà, láàárọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ ó dé ilé tíì, ẹ ó mu tíì, ẹ ó jẹun, ẹ ó sùn. Ilẹ̀ á mọ́, ẹ ó tún bọ́ sọ́nà títí ẹ ó fi dé ilé tíì mìíràn."

"Ilé tíì mélòó?"

"Méjìlá, sà."

"Ta ló wá ń gbàdúrà?"

"Kò sẹ́ni tó ń gbàdúrà. Wọ́n ń wo òkè ni."

"Wọ́n gun òkè, kí wọ́n lè wo òkè."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Tí wọ́n bá dúró nísàlẹ̀, wọn ò ní rí i?"

"Wọ́n á rí i, sà. Ká sòótọ́, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rí i jù."

Bàbá mi orí, ó fi èdè Ìkálẹ̀ sọ nǹkan kan sínú irùngbọ̀n rẹ̀ tí Máyọ̀wá, ọmọ Ìbàdàn, kò gbọ́, ó sì dára bí kò ṣe gbọ́ ọ.

"Ẹ má sì ṣèyọnu nípa ẹrù, sà. Alábàárù á bá yín gbé báàgì yín. Kí lẹ fẹ́ kó dání?"

"Bíbélì kan. Ìwé orin kan. Agogo kan. Abẹ́là páálí méjì."

"Páálí méjì!"

"Ìwọ lo ní òkè náà ga."

Máyọ̀wá nu ojú rẹ̀. Fáànù ń yí lókè orí wọn, síbẹ̀ òógùn bò ó.

"Ìbéèrè kejì. Nọ́ńbà bàtà wo lẹ ń wọ̀, sà? A fẹ́ bá yín ra bàtà yìnyín."

"Mi ò lè wọ bàtà lórí òkè, ọmọ mi. Ilẹ̀ mímọ́ ni."

"Ilẹ̀ yìnyín ni! Yìnyín tó ga dé orúnkún! Tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́, ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín á kú, á dúdú, á sì já bọ́."

"Mélòó?"

"Mélòó kí ni?"

"Nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, mélòó ló máa já bọ́?"

"Bàbá, mi ò mọ̀ o. Bóyá méjì. Bóyá mẹ́ta."

Bàbá wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì rántí bí Adédoyin ṣe ń rẹ́rìn-ín nínú fóònù. "Méjì kò pọ̀," ló wí. "Kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo yọ̀ǹda méjì."

"Mi ò lè kọ ìyẹn sínú fọ́ọ̀mù!"

"Ṣé kò sí àyè níbẹ̀ ni? Kọ ọ́ sẹ́yìn."

Máyọ̀wá fò ó, ó bọ́ sí ìbéèrè kẹta. Ó gbé ìka sókè bíi tíṣà. "Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, sà, nítorí èyí ló ń pa èèyàn jù. Tí ẹ bá ti gòkè dé ibì kan, afẹ́fẹ́ ò ní tó mọ́. Orí á máa fọ́ yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni." Ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í tàn.

"Oorun ò ní kùn yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

"Ara á máa gbọ̀n. Ẹ lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, kí ẹ sì máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́."

"Halelúyà!" Bàbá ti dìde. "Ọjọ́ kelòó ló máa ń bẹ̀rẹ̀?"

"Ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin. Bàbá, àìsàn ni o!"

"Ọjọ́ kẹta! Àwa tí à ń gbààwẹ̀, tí à ń gbàdúrà kíkankíkan, a kì í rí nǹkan kan títí di ọjọ́ karùn-ún. Àwọn yìí ń mu tíì, ọjọ́ kẹta ni wọ́n ti ń rí i!"

"Ìbéèrè náà rèé, sà. Tó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀, kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe?"

"Màá pe akọ̀wé."

"Akọ̀wé kẹ̀?"

"Kó gbé bírò àti ìwé wá. Ta ló máa kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀?"

"Rárá! Kí ẹ sọ̀kalẹ̀ ni! Kíákíá!"

"Kí n sọ̀kalẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀?" Bàbá tún jókòó. Àánú ọmọkùnrin náà ṣe é gan-an. "Máyọ̀wá, ìwọ fúnra rẹ, ṣé o ti gun òkè yìí rí?"

Máyọ̀wá wúkọ́. "Ẹ̀ẹ̀kan, sà."

"O dé òkè pátápátá?"

"Mo dé ilé tíì kẹrin."

"Nínú méjìlá."

"Orí ló fọ́ mi, sà."

"Kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Máyọ̀wá."

Máyọ̀wá wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mo rí bàbá onílé mi."

Bàbá ti yọ ìwé kékeré kan jáde nínú àpò sùtánà. "Níbo?"

"Lórí yìnyín. Ó wọ aṣọ funfun, ó jókòó sórí àga rọ́bà."

"Ó sọ̀rọ̀?"

"Ó ní, 'Máyọ̀wá, sọ̀kalẹ̀.'"

"Kí lo ṣe?"

"Mo sọ̀kalẹ̀, sà. Wọ́n gbé mi sórí ẹṣin."

Bàbá pa ìwé náà dé pẹ̀lú ìbànújẹ́. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n pè ọ́, o sì gun ẹṣin sá lọ. O ò tiẹ̀ dúró kí ó parí gbólóhùn. Báwo ni iṣẹ́ ti ń lọ látìgbà yẹn?"

"Kò fi bẹ́ẹ̀ lọ, sà."

"Abájọ! Wàá padà síbẹ̀ lọ gbọ́ ìyókù. Kúnlẹ̀, jẹ́ kí n gbàdúrà fún ọ."

Máyọ̀wá ti ń kúnlẹ̀ lóòótọ́, orúnkún kan ti kan ilẹ̀, kó tó rántí ara rẹ̀. Ó fò dìde.

"Bàbá! Ta ló ń bi ta ní ìbéèrè? Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ti lù!" Ó gbá fọ́ọ̀mù náà mú, ó sì tún jù ú sílẹ̀. "Mi ò lè buwọ́ lù ú. Ẹ má bínú sí mi. Ẹ ò ní wọ bàtà, ẹ ò ní jẹun, tí ẹ bá ń kú lọ ẹ ó máa pe akọ̀wé. Òkú yín ni màá kó bọ̀ fún Àǹtí Adédoyin. Kí ló dé tí ẹ ò kàn gbà láti wọ bàtà, kí ẹ sì jẹun?"

Bàbá tún wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ ni. Ọjọ́ tí wọ́n bí Adédoyin, kò ké, kò sì gbóná. Mo gbé e gun òkè pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Mo ní bí ó bá yè, mi ò ní wọ bàtà lórí òkè mọ́, mi ò sì ní jẹun lórí òkè mọ́ títí mo fi máa kú. Ó ké láago márùn-ún ìdájí. Ṣé èmi ni màá wá gbé ẹ̀jẹ́ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójú ọmọ náà gan-an, nítorí tíì?"

Máyọ̀wá ti fọ́ọ̀mù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó jókòó.

"Gbogbo ìsinmi iléèwé rẹ̀," ni Bàbá ń bá a lọ, "orí òkè ni mò ń wà. Á ní òun fẹ́ tẹ̀ lé mi, màá ní ọmọdé kì í lọ. Ó wá rò pé kò sí ohun tí mo fẹ́ràn tó orí òkè láyé yìí. Ìdí tó fi sanwó nìyẹn. Àárò rẹ̀ ń pa mí, Máyọ̀wá. Kódà bí ó bá ní ká pàdé nínú kànga, màá lọ."

Lẹ́yìn náà Bàbá nu ojú rẹ̀ nù. "Ilé tíì yìí, ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Báwo ló ṣe rí?"

"Kí ni mo fẹ́ ṣàlàyé, sà? Bẹ́ǹṣì gígùn ló wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wọlé, eruku ti bò ó, ó ti rẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń ta tíì, búrẹ́dì, ẹyin díndín, núdùsì. Tí ẹ bá fẹ́ chájì fóònù, ẹ ó sanwó."

"Ẹ̀ẹ́n."

"Kò sẹ́ni tó mọ ẹnì kejì rẹ̀. Ẹlòmíì ń gòkè, ẹlòmíì ń bọ̀. Àwọn alábàárù ń jà sí ẹrù èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn màlúù onírun tó ń ru ẹrù máa ń já wọ ojú ọ̀nà, wọn kì í yà fún ẹnikẹ́ni; ẹ̀yin lẹ máa sá."

Bàbá dìde, ó lọ sídìí fèrèsé. Nísàlẹ̀, bọ́ọ̀sì kan tó ń bọ̀ láti Benin ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró. Àwọn èrò ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń na ẹsẹ̀, wọ́n ń béèrè ibi tí wọ́n ti lè chájì fóònù. Àwọn oníbúrẹ́dì sáré yí wọn ká. Àwọn agbèrò méjì ń du báàgì obìnrin kan mọ́ra wọn lọ́wọ́. Tírélà kan já wọ àárín wọn pẹ̀lú fèrè, gbogbo wọn sì sá.

Bàbá yíjú padà. "Ta ló pe ibẹ̀ yẹn ní òkè?"

"Bàbá, ó ga ju gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà lọ!"

"Bíríìjì tó wà níta yìí náà ga. Ṣé wọ́n ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó gùn ún?" Bàbá ti di àgbà ìjọ padà, ohùn rẹ̀ le, ó sì ń fi ìka sọ̀rọ̀. "Èmi mọ òkè. Orí òkè, èèyàn àti Ọlọ́run rẹ̀ ló máa ń wà níbẹ̀, ebi á sì máa pa èèyàn. Ibi tí wọ́n ti ń ta ẹyin díndín, tí àwọn èèyàn ń du ẹrù ẹlẹ́rù, tí wọ́n sùn mọ́jú tí wọ́n tún ń lọ, ìyẹn kì í ṣe òkè. Ore ni!"

"Ore, sà?"

"Wọ́n kàn gbé e sókè ni."

Máyọ̀wá gbé bírò rẹ̀. Ó fa fọ́ọ̀mù mọ́ra. "Ẹ ó wá wọ bàtà?"

"Ní Ore? Màá fi sùtánà sílé. Ta ló fẹ́ kí ìgò gún òun? Ra èyí tó nípọn."

"Ẹ ó jẹun?"

"Ẹyin méjì. Kí wọ́n má fi ata púpọ̀ sí i."

"Tí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín ńkọ́? Tí ẹ bá ń gbọ́ ohùn?"

"Ohùn tí mo bá gbọ́ ní Ore, agbèrò ni. Màá sọ̀kalẹ̀ wá sílé."

Máyọ̀wá ń kọ, ó ń kọ. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó buwọ́ lù ú, ó sì rí ìlà kan tó ṣófo nísàlẹ̀ pátápátá.

"Bàbá, wọ́n tún bi yín níbí: ìgbà mélòó lẹ ti dé irú ibẹ̀ rí?"

Bàbá Ọláyídé ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń wá nọ́ńbà Adédoyin nínú fóònù rẹ̀.

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ bíbí ibẹ̀ ni mí."