Ìkéde Lórí Orúkọ Tí Àwọn Ìyàwó Ilé Fi Sábẹ́ Ẹ̀rọ Omi Olóyè Àjàkáyé

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń gúnyán, kó gbé ọmọ odó sílẹ̀. Ẹni tó ń tẹ fóònù, kó gbójú sókè. Ará Òkè-Ìgbá, ààfin ló rán mi, n kò rán ara mi.

Ẹ rántí pé nígbà tí ìlú ṣí ojú ewé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ààfin ní kí oníkálukú máa fi orúkọ sábẹ́ àwòrán. Bí èèyàn bá tẹ orúkọ kan, gbogbo àwòrán tó ń jẹ́ orúkọ náà á tò jáde pọ̀. Ohun rere ni. Àfi ìgbà tí àwọn ìyàwó ilé dá sí i.

Ẹ̀rọ omi iwájú ọjà, Olóyè Àjàkáyé ló ṣe é. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi tú omi. Ó ti di ọdún mẹ́ta àti oṣù méje tó ti dákẹ́.

Ìyá Mojírádé, ìyàwó ilé alágbẹ̀dẹ, ló kọ́kọ́ fi orúkọ sábẹ́ àwòrán ẹ̀rọ náà. Ó ní àgbà ilé ọkọ òun ni olóyè, òun kì í pe é lórúkọ. Ọjọ́ tí wọ́n gbé òun wọlé ni wọ́n ti kìlọ̀ fún òun. Ó bá sọ ọ́ lórúkọ bí ìyàwó ṣe ń sọ ọmọ ọkọ: Ó-ń-bọ̀-lọ́nà. Ohun tí olóyè máa ń wí nìyẹn nígbàkúgbà tí wọ́n bá béèrè omi.

Àwọn ìyàwó yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n fi orúkọ náà sábẹ́ àwòrán ilé ìwòsàn tí kò ní nọ́ọ̀sì. Wọ́n fi sábẹ́ òpó iná tí kò ní wáyà. Wọ́n fi sábẹ́ afárá tó dé àárín odò, tó dúró. Mọ́kànlá ni wọ́n. Olóyè kan náà ló ṣe gbogbo wọn. Àwọn àlejò tó fẹ́ wá fi àmì ẹ̀yẹ dá a lọ́lá tẹ orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan péré. Wọn kò wá mọ́.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ààfin pàṣẹ.

Èkínní. Ìyàwó kankan kò gbọdọ̀ fún ohun ìlú ní orúkọ àdápè. Kò gbọdọ̀.

Èkejì. Kí wọ́n yọ Ó-ń-bọ̀-lọ́nà kúrò kí oòrùn òní tó wọ̀. Kí wọ́n fi orúkọ gidi ẹni tó ṣe nǹkan náà rọ́pò rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ti tú èèwọ̀ orúkọ pípè sílẹ̀ fún ọjọ́ kan.

Ẹ̀kẹta. Ìyàwó tó bá kọ̀, kò ní pọnmi nídìí ẹ̀rọ náà mọ́ láé. Kí Ìyá Mojírádé fetí sí èyí dáadáa. Oyún oṣù méje ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló sì ń lọ sódò lójúmọ́. Kó ro ohun tó fẹ́ pàdánù.

Ẹ̀kẹrin. Ẹ dúró ná. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìwé mìíràn lé mi lọ́wọ́.

Ìwé náà ní àdúgbò méjì tí mo ti kọ́kọ́ kéde fún ti gbọ́ràn. Ìyá Mojírádé ló ṣáájú wọn. Wọ́n ti yọ Ó-ń-bọ̀-lọ́nà, wọ́n ti fi Àjàkáyé rọ́pò rẹ̀, bí a ṣe ní kí wọ́n ṣe. Ẹni tó bá tẹ Àjàkáyé báyìí, ẹ̀rọ tó gbẹ, ilé ìwòsàn tó ṣófo, òpó tó dá wà, afárá tó tẹjú mọ́ omi, mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló ń tò jáde.

Nítorí náà, a pa òfin kìíní àti èkejì rẹ́. Kí àwọn ìyàwó dá orúkọ àdápè padà kíákíá. Ìgbìmọ̀ bẹ̀ wọ́n.

Àwọn ìyàwó ti fèsì. Wọ́n ní ó ń bọ̀ lọ́nà.

Ibi tí wọ́n rán mi dé nìyí. Ẹni tó gbọ́, kó wí fún ẹni tó lọ sóko. Ọ̀fun mi ti gbẹ. Ẹni tó bá ti odò dé, kó ṣàánú mi ní igbá kan.