Àga Tí Iná Kọjú Sí

Ibi yòówù kí ẹ dárúkọ lójú onígbàjámọ̀ yìí, ó ti débẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí àdúgbò fi sọ ọ́ ní Mo-ti-débẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní òun ń lọ sí ọ̀run, á júwe ibi tó ti máa yà.

Ọkùnrin náà ń fẹ́ aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tirẹ̀. Aránṣọ ti gbà. Ó ku ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ẹ̀rín rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ju òjò inú ọ̀gbẹlẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà wá kí wọn. Ó ní, "Tíátà àtijọ́ tó wà láàárín ìlú yìí, tó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, ó wù mí kí n fojú kàn án."

"Tíátà yẹn kẹ̀, ẹ̀gbọ́n? Ó ku díẹ̀ kí wọ́n máa gbowó ilé lọ́wọ́ mi níbẹ̀!"

"Ó dáa. Ìwọ ni kó o mú wa lọ ní Sátidé. Bó o bá ṣe mú wa rìn ni màá fi mọ̀ bóyá mo lè fa àbúrò mi lé ọ lọ́wọ́."

Háà! Onígbàjámọ̀ kò fọwọ́ kan ògiri ilé náà rí. Gbogbo ohun tó ní kò ju oníbàárà kan lọ, aṣọ́nà tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ó sì gẹ irun aṣọ́nà lọ́fẹ̀ẹ́, kó lè jẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n máa gbà wọlé bí onílé.

"Ẹ bá wọlé tán, kí ẹ yà..." aṣọ́nà bẹ̀rẹ̀.

"Mo mọ̀, mo mọ̀!"

"Kí ẹ wá sọ̀kalẹ̀..."

"Ta lò ń júwe rẹ̀ fún? Gbé orí dúró, kí n má gé ọ létí!"

Ó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ya àwòrán tíátà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, ó ń fi ìyarun tọ́ka sí i fún aránṣọ. "Ibí ni àwọn èèyàn lásán ń jókòó. Ibí ni tiwa."

"Kí ló dé tí a ò kàn gba iwájú wọlé bí ọmọ èèyàn?"

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ti ẹ̀yìn ló sì yá jù!"

Sátidé pé. Aṣọ́nà ṣílẹ̀kùn, wọ́n bọ́ sínú òkùnkùn birimù. Onígbàjámọ̀ yà sósì, ó kọ lu okùn, ó kọ lu àkàbà, ó forí kó adé páálí kan tí wọ́n so kọ́.

"Ẹ jẹ́ ká béèrè o," aránṣọ sọ lábẹ́lẹ̀.

"Lọ́wọ́ ta ni? Èmi ni wọ́n máa ń bi!"

Ni wọ́n bá já sí pálọ̀ kan tó rẹwà: àga onítìmùtìmù mẹ́ta, tábìlì, àwo èso. Gbogbo iná òkè ló kọjú sí àwọn àga náà. Ọkàn onígbàjámọ̀ balẹ̀. Àbí? Ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, àga tí iná bá kọjú sí, oníbàárà ló ni ín.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Ààyè àwọn ẹni ńlá nìyí."

Tíṣà jókòó, ó tẹ tìmùtìmù wò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín! Orí onígbàjámọ̀ wú débi pé fìlà kò gbà á mọ́.

"Aṣọ pupa ńlá tó wà níwájú wa yìí ń kọ́?"

"Kí àwọn èrò má baà máa wò wá ni, ẹ̀gbọ́n."

Onígbàjámọ̀ mú èso kan nínú àwo, ó gé e jẹ. Kọ́ú! Igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó dùn," ló wí. "Ẹ mú ọ̀kan."

Agogo dún. Aṣọ pupa là sí méjì. Ẹgbẹ̀rin èèyàn jókòó bẹẹrẹ, wọ́n tẹjú mọ́ wọn.

"Àwọn wọ̀nyí ń kọ́?" tíṣà béèrè jẹ́jẹ́.

"Wọ́n... wọ́n wá kí wa ni."

Òṣèré obìnrin kan wọlé nínú aṣọ dúdú, ó káwọ́ lérí, ó gbójú sókè. "Ogún ọdún! Ogún ọdún ni mo ti dá nìkan wà nínú ilé yìí, ẹ̀dá alààyè kan ò yà kí mi!"

Ó bojú wolẹ̀, ó rí ẹni mẹ́ta.

Onígbàjámọ̀ dìde, ó tẹrí ba. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. À bá ti tètè wá, a ò gbọ́ ni."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé lọ. Ọkùnrin méjì sáré yọ, wọ́n fà á lápá méjèèjì jáde, èso igi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Níta, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, kò lè wojú ẹnikẹ́ni. Aránṣọ fara ti ògiri, ẹ̀rín ń pa á lọ. Tíṣà ní tirẹ̀ yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó dá a padà sójú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," onígbàjámọ̀ wí, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, "kí lẹ rí sí i?"

Tíṣà kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Máa fẹ́ ẹ. Ẹgbẹ̀rin èèyàn ti rí bó ṣe gọ̀ tó. Kò tún ku èyí tó lè fi pa mọ́ fún ọ."