Ọ̀gbẹ́ni Ògúnlẹ́yẹ Ń Wádìí Àwọn Ọ̀dọ́

Ọ̀sán Sátidé ni, ní ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Lawrence Ògúnlẹ́yẹ, tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ nípa àwùjọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ìkẹ́rẹ́, jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ nínú ṣòkòtò jíìnsì tó fún un pinpin. Ọmọ́bọ́lá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wọlé dé láti Adó.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Ẹ kúulé, sà. (Ó wo ṣòkòtò.) Dádì, ṣé kò sí nǹkan?

ÒGÚNLẸ́YẸ: Iṣẹ́ ni. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo máa sọ̀rọ̀ lórí àṣà àwọn ọ̀dọ́ òde òní. Mo ní kí n múra bíi tiwọn, kí n lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá fídíò.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Kí ni wọ́n sọ?

ÒGÚNLẸ́YẸ: Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n gbé àga fún mi, gbogbo wọn wá bá tiwọn lọ. Ìwọ nìkan ló kù. Gbàgbé pé èmi ni bàbá rẹ. Olùwádìí ni mí. Olùwádìí kì í bínú.

(Ọmọ́bọ́lá ronú díẹ̀, ó fa àga sún mọ́ ọn.)

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Mo mọ ọmọbìnrin kan. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ó ń ṣeré.

ÒGÚNLẸ́YẸ: Tó dàgbà tó yẹn, tó ṣì ń ṣeré?

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Eré orí ìtàgé, sà. Ẹgbẹ́ òṣèré kan ní Adó ti fún un ní ipa.

ÒGÚNLẸ́YẸ: Wọ́n fi ipá mú un?

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Ipa ni mo wí, kì í ṣe ipá. Òun ló ń ṣe ayaba. Ó ti wá lọ́kọ báyìí.

ÒGÚNLẸ́YẸ: Wọ́n ra ọkọ̀ fún un? Èmi tí mo ti ń kọ́ni láti ìgbà tí a wà lábẹ́ Oǹdó, mọ́tò ìjàpá ni mò ń wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń bá mi tì í.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Ọkọ, sà. Eléyìí ò ní táyà, irùngbọ̀n ló ní. Nínú eré náà ni.

ÒGÚNLẸ́YẸ: Ọmọ yẹn ò ní bàbá ni?

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Ó ní. Olùkọ́ ni.

ÒGÚNLẸ́YẸ: Irú wọn ló pọ̀ níta. Wọ́n á máa tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, wọn ò ní mọ ibi tí tiwọn wà. Kí ló ń kọ́ wọn?

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Ìmọ̀ nípa àwùjọ.

(Ògúnlẹ́yẹ tún ara rẹ̀ jókòó.)

ÒGÚNLẸ́YẸ: Ọmọ́bọ́lá.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Sà.

ÒGÚNLẸ́YẸ: Ìdánwò àtiwọ yunifásítì tí o ní o ṣe ńkọ́?

ỌMỌ́BỌ́LÁ: (Ó ń wo ilẹ̀.) Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ń yan ẹni tó máa ṣe ayaba. N kò ṣe é, sà.

ÒGÚNLẸ́YẸ: O parọ́ fún mi. Nínú ulé mi yìí.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Ẹ ti ń sọ èdè Ìkẹ́rẹ́, inú ti bí yín. Olùwádìí ti lọ nìyẹn.

ÒGÚNLẸ́YẸ: Ó ti lọ. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Àwọn ọmọ ọlọ́mọ lẹ máa ń bi ní ohun tí wọ́n fẹ́. Tèmi, ẹ máa ń sọ ọ́ fún mi ni.

(Bàbá rẹ̀ yíjú sí i.)

ÒGÚNLẸ́YẸ: Ṣé o tiẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe?

(Ọmọ́bọ́lá kúnlẹ̀. Ohùn rẹ̀ yí padà.)

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Kábíyèsí, tí ẹ bá lé mi jáde lónìí, ọ̀dọ̀ ta ni kí n gbà lọ?

ÒGÚNLẸ́YẸ: Má lọ síbì kankan, ọmọ mi.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Dádì, ọba ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó lé e jáde ni.

ÒGÚNLẸ́YẸ: Ọba yẹn ò gbọ́n. (Ó nu ojú.) Máa bá wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n o máa ṣe ìdánwò yẹn lọ́dún tó ń bọ̀.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Mo gbọ́, sà. Ẹ ṣé. Ṣé ẹ máa bá mi sọ fún Mọ́mì?

ÒGÚNLẸ́YẸ: Èmi kẹ̀? Àwọn ọ̀dọ́ ni mo kọ́ nípa wọn. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ìyá rẹ, mi ò tíì rí ibi tí èèyàn ti lè bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.