Òkúta Tí Mo Fi Ọṣẹ Fọ̀

Ohùn ọkọ mi tí mo gbọ́ kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń bá mi sọ. Pálọ̀ ló wà, èmi wà ní ilé ìdáná. Ó ní kí n bá òun gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá, kì í ṣe èyí tí mo fi ń nulẹ̀ o. Ibi tí mo ti ń wá èyí tí wọn ò fi nulẹ̀ ni mo wà tó fi kú sórí àga. Ẹni tá a jọ dàgbà, tá a jọ darúgbó, kò sọ fún mi pé ó dìgbà, kò sọ ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìnkùlé sí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ló sọ.

Ibi tó fẹ́ lo bọ́kẹ́ẹ̀tì sí ni àpótí gíláàsì tó gba odindi ògiri kan ní pálọ̀ mi. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ló ní òun fẹ́ gbé òkun wálé. Ó da yanrìn sí i, ó po iyọ̀ òkun mọ́ omi, ó to òkúta inú òkun sí i bí ẹni ń kọ́lé, ó wá gbé àga síwájú rẹ̀. Láràárọ̀ ló ń jókòó tì í, tí á máa wò ó bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ẹja kan ò sí níbẹ̀. Bí mo bá bi í pé kí ló ń wò, á ní omi ń dàgbà. Mo ní kó sọ fún omi kó ṣe kíá, torí àwa náà ń dàgbà.

Lẹ́yìn tá a sin ín, àkọ́bí wa obìnrin ní mi ò lè dá gbé nínú ilé tó tóbi báyìí. Ó ní tó bá di Sátidé òun á wá kó mi lọ sílé òun, sí yàrá tí ẹ̀rọ ìfọṣọ wà. Mo ní mi ò lọ. Ó ní kí ni mò ń dúró ṣe níbí, kí ló kù tí mò ń tọ́jú. Mi ò rí nǹkan fọ̀, àfi bí mo ṣe gbójú sókè tí ojú mi bọ́ sórí àpótí yẹn. Mo ní ẹja ni mò ń tọ́jú. Ó ní ẹja wo. Mo ní ó ń bọ̀.

Bí mo ṣe ránṣẹ́ pe Dókítà nìyẹn. Kì í ṣe dókítà tèèyàn. Ọkùnrin tó ń ta ẹja inú gíláàsì ni, ọwọ́ rẹ̀ ni ọkọ mi ti ra gbogbo ẹrù náà. Ọkọ mi ló sọ ọ́ ní Dókítà, torí kò sí ohun tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní mọ̀, títí kan ohun tí wọn ò béèrè. Ọjọ́bọ̀ ló dé pẹ̀lú àpótí tó kún fún ìgò wẹ́wẹ́. Ó kí mi kú ìrọ́jú. Ó ní ó dun òun pé Ọ̀gá ò dúró jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Mo dúpẹ́, mo ní kó gbé ẹja sílẹ̀ kó máa lọ.

Ó rẹ́rìn-ín ẹni tó mọ̀wé ju èèyàn lọ. "Mà, wọn kì í gbé e sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí omi."

"Òun ló wà níwájú rẹ yẹn."

Ó kúnlẹ̀ síwájú gíláàsì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò.

"Mà, òkúta wo rèé?"

"Òkúta tìẹ ni."

"Èyí tí mo kó wá, ó pọ́n bí ẹlùbọ́ tó ti sọ, ewé wà lára ẹ̀, ó ní nǹkan tó ń rìn nínú ihò ẹ̀. Eléyìí funfun bí eyín."

"O ṣeun," mo wí. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti yin iṣẹ́ mi.

Mo wá ṣàlàyé fún un. Àwọn èèyàn ń wọ́ wá kí mi, òkúta yẹn sì ń rùn. Àbúrò ọkọ mi jókòó tì í, kò sunkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bó ṣe fi gèlè dí imú. Ojú tì mí. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo kó gbogbo wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi ọṣẹ oníyẹ̀fun àti búrọ́ọ̀ṣì líle fọ̀ wọ́n, mo sá wọn sóòrùn, mo sì tò wọ́n padà bí ọkọ mi ṣe tò wọ́n gẹ́lẹ́. Mo tiẹ̀ fi abẹ́rẹ́ yọ ìdọ̀tí inú ihò wọn.

Dókítà jókòó sórí àga ọkọ mi láìbéèrè.

"Mà, ẹ̀mí wà nínú òkúta yẹn."

"Níbo?"

"Ibi tẹ́ ẹ ti abẹ́rẹ́ bọ̀."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó sì gbádùn ara rẹ̀. Ó ní àwọn kòkòrò kan wà tí ojú ò lè rí, inú òkúta ni wọ́n ń gbé. Ẹja á tọ̀ sínú omi, ìtọ̀ náà á di májèlé, àwọn kòkòrò yẹn ni wọ́n á jẹ ẹ́ tí ẹja ò fi ní kú sínú ìtọ̀ ara rẹ̀. Ohun tí ọkọ mi jókòó tì ní gbogbo àárọ̀ yẹn nìyẹn, ó ń dúró kí wọ́n pọ̀ tó. Mo ní nínú gbogbo ayé mi, mi ò gbọ́ ọ rí pé èèyàn ń gba àlejò tó ń jẹ ìtọ̀ ẹja. Mo ní àwọn ta ló wá ń jẹ ti inú òkun. Ó ní àwọn náà ni. Mo ní kó tètè lọ bá mi bu díẹ̀ wá níbẹ̀.

Ó ti ju gíláàsì kan sínú omi, èyí tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀. Gíláàsì yẹn kò rì rárá, ṣe ló fò sókè bí ìdérí ìgò.

"Mà, kí lẹ tún fi sínú omi yìí?"

"Omi ń lọ sílẹ̀, mò ń bù kún un. Mo sì ń fi iyọ̀ sí i."

"Iyọ̀ wo?"

"Ti ilé ìdáná. Mo máa ń tọ́ ọ wò kí n tó fi sí i."

"Ẹ tọ́ ọ wò?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti tó?"

Ó di orí mú. Ó ní omi nìkan ni afẹ́fẹ́ ń gbé lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ, omi lásán ló yẹ kí n máa bù sí i. Ó ní ohun tó wà nínú àpótí yìí kì í ṣe òkun mọ́, ọbẹ̀ ni.

"Ọbẹ̀ ló ti jẹ́ láti ọjọ́ yìí," mo wí. "Ẹja ló kù tí mo ní kó o mú wá."

Ó dìde, ó ń kó ìgò rẹ̀. Ó ní ẹja méjì tí Ọ̀gá fọwọ́ ara wọn yàn wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù òun, wọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú, wọ́n la ìlà funfun, ṣùgbọ́n òun ò ní kó wọn wá síbí. Iyùn òkun tó ṣì ń hù, èyí tí Ọ̀gá sọ pé àwọn á gbìn sórí òkúta, kí n má tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀. Mo ní kó fi méjì yẹn sílẹ̀, kó bá mi wá ẹyọ kan tó lágídí. Ó ní ẹja búlúù kan wà tó lágídí, ó ń bá àwòjìjì ara rẹ̀ jà, ṣùgbọ́n bó ti wù kó lágídí tó, nínú omi tèmi yìí kò lè kọjá Sọ́ńdè.

"Sátidé lọmọ mi ń bọ̀," mo wí. "Tó bá fi lè dé Sọ́ńdè, ó ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ parí."

Dókítà gbé àpótí rẹ̀ sílẹ̀. "Mà, kí lẹ fẹ́ fi ẹja ṣe gan-an?"

Mi ò fẹ́ sọ ọ́. Ẹ̀rọ tó ń da omi káàkiri ń kùn lẹ́yìn wa.

"Mo fẹ́ kó ṣe onídùúró fún mi. Ọmọ mi ní kò sí nǹkan tí mò ń tọ́jú nínú ilé yìí mọ́. Ó ń bọ̀ wá kó mi."

Dókítà wo àga tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀, ó ṣe bí ẹni fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀.

"Mi ò lè fún yín ní ẹja tó máa kú," ó wí. "Òkú kan ti tó nínú pálọ̀ yìí."

"Látìgbà tó o ti wọlé, ọ̀rọ̀ tó o sọ tó yé mi nìyẹn."

Ó wá sọ ohun tó ṣeé ṣe. Á da omi náà nù, á po òmíràn. Á mú òkúta kékeré kan tí ẹ̀mí ṣì wà nínú ẹ̀ wá láti ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ̀mí náà lè ran àwọn tí mo fọ̀. Láràárọ̀, kí ẹnìkan máa bu omi lásán kún un dé ojú ìlà tí òun máa fà sára gíláàsì, kó máa bu oúnjẹ ẹja fín-ín-fín sí i.

"Nígbà tí kò sẹ́ja? Ta ló máa jẹ ẹ́?"

"Àwọn tẹ́ ẹ fọ̀. Wọ́n á padà wá. Ẹ ṣá má tọ́ ọ wò mọ́."

"Ó máa pẹ́ tó báwo?"

"Ọ̀rọ̀ oṣù ni. Omi ló máa sọ."

"Tí ò bá wá sẹ́nìkan nílé ńkọ́?"

"Á tún kú. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nílé, Mà."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo gbé fóònù, mo pe ọmọ mi lójú ẹ̀, mo ní kó má wulẹ̀ kó báàgì wá, mi ò ráyè, omi ni mò ń tọ́jú. Ọmọ mi wá béèrè jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tí orí rẹ̀ ò pé mọ́ sọ̀rọ̀, pé ṣé omi lásán, láìsí ẹja, ni èmi àgbàlagbà jókòó tì.

"Bàbá rẹ náà jókòó tì í," mo wí, "ẹ ò sì kó o lọ síbì kankan."

Dókítà kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Mi ò bi í bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún.

Ọmọ mi wá ní Sátidé, ó mu tíì, ó wo omi náà títí, ó sì padà sílé rẹ̀ ní òun nìkan. Òkúta kékeré tí Dókítà mú wá wà láàárín àwọn yòókù nínú omi tuntun. Mò ń bu oúnjẹ sí i láràárọ̀. Àwọn òkúta tí mo fọ̀ ṣì funfun. Kò tíì sí ẹja nínú omi.