Ọ̀jọ̀gbọ́n Mẹ́rin-nínú-Ọ̀kan àti Fìlà Oníwáyà

Iṣẹ́ mẹ́rin ni ọkùnrin yìí kọ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní onímọ̀ ìṣirò ni òun, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, onímọ̀ ọpọlọ, àti alálàyé sáyẹ́ǹsì fún gbogbo ayé. Ilẹ̀kùn náà kò gbà á tán. Wọ́n ní láti ṣe òmíràn tó fẹ̀ jù ú lọ, yunifásítì ló sì sanwó káfíńtà.

Ẹ bi àwọn onímọ̀ ìṣirò nípa rẹ̀, wọ́n á ní, "Ti ìhùwàsí ẹ̀dá ni, ìṣirò tiẹ̀ ò yé wa." Ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn ti ìhùwàsí, wọ́n á ní, "Rárá o, ti ọpọlọ ni." Àwọn ti ọpọlọ á ní, "Ṣé ọkùnrin orí rédíò yẹn?" Àwọn ti rédíò á sì dáhùn pé, "Ìṣirò ló kà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í fi í yé èèyàn." Ajá tí èèyàn mẹ́rin bá ń sìn, ebi ní í pa á kú. Ajá tiwa yìí, ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti ń jẹun.

Èmi ni mo sọ ọ́ ní Mẹ́rin-nínú-Ọ̀kan. Ó gbọ́, ó rò pé oríkì ni, ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára káàdì òun. Nígbà tó ti fẹ́ oríkì, ẹ jẹ́ ká kì í dáadáa: A-ṣírò-má-rí-èsì! A-mọ-ọkàn-gbogbo-ayé-má-mọ-ti-ìyàwó-ilé! A-yọjú-wo-ọpọlọ-bí-ẹni-yọjú-wo-ìkòkò-ọbẹ̀!

Fìlà ló sọ ọ́ di èèyàn ńlá. Fìlà aláwọ̀n ni, wáyà yí i ká, fóòmù kéékèèké tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀ wà lábẹ́ wáyà kọ̀ọ̀kan. Bí o bá dé e, ìlà iṣẹ́ ọpọlọ rẹ á máa sáré lójú kọ̀ǹpútà. Fìlà gidi ni o. Àwọn dókítà ń lò ó láti mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn. Ṣùgbọ́n Mẹ́rin-nínú-Ọ̀kan ní tòun lè mọ orí tó ní ìṣirò yàtọ̀ sí èyí tí kò ní. Ó ní kí ẹ̀ka ìṣirò má gba akẹ́kọ̀ọ́ kankan wọlé mọ́ àfi ẹni tí fìlà bá fọwọ́ sí, yunifásítì sì sọ ọ́ dòfin. Ó sì ti ń yọjú sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ kéékèèké: kíláàsì kan, fìlà kan, owó ọdọọdún. Ìṣirò yẹn nìkan ni mo mọ̀ pé ó yé e délẹ̀délẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí nìyí. Ọmọbìnrin àbúrò mi, tí mo tọ́ láti kékeré, yege ìdánwò ìṣirò ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀ka ìṣirò ti fún un láàyè. Ni wọ́n bá dé fìlà fún un, fìlà ní orí rẹ̀ ṣófo. Wọ́n gba ààyè padà.

Ó wálé, kò sunkún. Ó jókòó ti tábìlì, ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ tó ní n ò mọ ìṣirò yìí, ta ló bá a ṣírò?"

Mo ní, "Mẹ́rin-nínú-Ọ̀kan ni."

Ó ní, "Mo gbé!"

Olórí ẹ̀ka ìṣirò, bàbá àgbà kan tí ẹfun ìkọ̀wé kì í kúrò lára kóòtù rẹ̀, tí gbogbo wọn sì ń pè ní Baba Ṣọ́ọ̀kì, ló pariwo títí ọ̀rọ̀ fi dé ọ̀dọ̀ olórí yunifásítì. Olórí ní kí wọ́n wá dán fìlà wò ní gbangba. Baba Ṣọ́ọ̀kì á dé ọ̀kan, ọmọ àbúrò mi á dé ìkejì, àwọn méjèèjì á wà lẹ́yìn kọ́tìnì, Ọ̀jọ̀gbọ́n á sì ka ìlà wọn fún gbogbo èèyàn. Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá yege, òfin fìlà ti dúró nìyẹn, ọmọ mi á sì máa lọ sílé rẹ̀. Bí kò bá yege, wọ́n á gba ọmọ náà padà.

Mẹ́rin-nínú-Ọ̀kan gbà. Kìkì pé ó ní òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ìlà kìíní àti ẹni tó ni ìkejì, kí òun lè dá wọn mọ̀.

Baba Ṣọ́ọ̀kì rẹ́rìn-ín títí ẹfun fi gbọ̀n dà nù lára rẹ̀. Ó ní, "Ẹ sọ fún un. Èmi ni kìíní."

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn tó ń fowó ìwádìí sílẹ̀ jókòó níwájú, àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wà lẹ́yìn wọn. Èmi àti ọmọ mi wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, à ń dúró kí wọ́n pè é. Baba Ṣọ́ọ̀kì ṣì wà níta, ó ń wá ibi tí yóò gbé mọ́tò sí. Lẹ́yìn kọ́tìnì, obìnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ, Àǹtí Wáyà, ti fọ fìlà méjèèjì. Ó dé wọn sórí àwọn orí igi méjì tí wọ́n máa ń sá wọn lé kí wọ́n má bàa sọ ìrísí nù. Orí igi náà ní etí, wọ́n ní imú. Ó ti ki wáyà wọn bọ ẹ̀rọ, kí iṣẹ́ lè yá bí àwọn tó ní orí gidi bá dé.

Àárọ̀ ló yẹ kí Ọ̀jọ̀gbọ́n dé, àmọ́ ayàwòrán kò tíì rí ẹ̀gbẹ́ tó dára lára rẹ̀. Nígbà tó wá já wọlé, kóòtù rẹ̀ ń dán, máìkì wà lọ́rùn rẹ̀, iná orí ìtàgé sì bò ó lójú.

Àǹtí Wáyà sáré pàdé rẹ̀. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, a ò tíì—"

"Má dá mi dúró! Ṣé ìlà wà lójú ẹ̀rọ?"

"Ìlà wà, sà, ṣùgbọ́n—"

"Ìlà wà, ọ̀rọ̀ parí! Ẹni tó bá tún já lu ọ̀rọ̀ mi lónìí, kó lọ wáṣẹ́ síbòmíì."

Àǹtí Wáyà lọ́mọ, ó sì ń sanwó ilé. Ó káwọ́ gbera, ó pa ẹnu mọ́ bí àpótí.

Ọmọ mi fẹ́ dìde. Mo fà á lọ́wọ́. "Jókòó. Jẹ bísíkíìtì rẹ. Wọ́n fẹ́ ka ọpọlọ rẹ, má dí wọn lọ́wọ́."

"Ẹ̀yin èèyàn pàtàkì!" Ọ̀jọ̀gbọ́n nawọ́ sójú ẹ̀rọ ńlá. "Ẹ wo ìlà kìíní! Baba Ṣọ́ọ̀kì nìyẹn. Alátakò mi ni, ṣùgbọ́n sáyẹ́ǹsì kì í ṣojúsàájú. Ẹ wo bó ti ń fò! Bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ìṣirò ló ń ṣe lọ́wọ́!"

Obìnrin kan lára àwọn olówó ìwádìí bi í pé, "Irú ìṣirò wo ni?"

"Pípín ni, Mà. Ó ń pín nǹkan ńlá sí wẹ́wẹ́. Ẹ tún wo apá ibí: inú ń bí i díẹ̀. Ó ti mọ̀ pé mo borí."

Ìgbà náà gan-an ni Baba Ṣọ́ọ̀kì yọ wọlé, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. Ó jókòó tì mí. "Ta ni wọ́n ń sọ?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ẹn-ẹ́n? Kí ni mò ń ṣe?"

"Ẹ ń pín nǹkan. Inú sì ń bí yín díẹ̀."

"Àìríbi gbé mọ́tò sí ni," ló wí, ó sì mú bísíkíìtì kan.

"Ó wá ku ìlà kejì," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ó mi orí bí ẹni tó wá báni kẹ́dùn. "Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni. Ẹ wò ó, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọ̀nà tí mọ́tò kì í gbà. Ẹ má bá a wí o. Ó lè wúlò fún nǹkan míì. Ẹ̀rù tiẹ̀ ń bà á báyìí, mo rí i."

Ọmọ mi yíjú wò mí, bísíkíìtì kún ẹnu rẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ̀rù ń bà mí ni?"

"Bí wọ́n ṣe wí nìyẹn."

Àwọn tó wà nítòsí wa ti ń wo bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wo ìtàgé. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń ràn láti àga dé àga. Ọ̀jọ̀gbọ́n rò pé tòun ni wọ́n ń gbádùn. Ó tẹríba.

"Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa! Ìmọ̀ kì í ṣe ọ̀fọ̀! Ó yá, ẹ pàtẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì. Fa kọ́tìnì!"

Àǹtí Wáyà kò tíì jíṣẹ́ kíákíá bẹ́ẹ̀ rí.

Orí igi méjì ló yọ, fìlà lórí. Imú ọ̀kan ti kán.

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan ṣubú lu ẹnìkejì rẹ̀.

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni!" Ọ̀jọ̀gbọ́n ń làágùn. "Ara ìwádìí ni! Onímọ̀ gidi gbọ́dọ̀ máa fi orí igi wé orí èèyàn!"

Obìnrin olówó ìwádìí ní, "Èwo wá ni orí èèyàn níbẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n?"

Baba Ṣọ́ọ̀kì dìde, ó gbọn èérún bísíkíìtì nù. "Ẹ dákun, kí ẹnì kan bá wa pa fáànù tó ń fẹ́ ẹ̀rọ yẹn." Àṣé orí igi kìíní ni fáànù náà dojú kọ, tí wáyà rẹ̀ ń jó fìrìfìrì. Wọ́n pa á. Ìlà kìíní sùn gbalaja, bí ìkejì.

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn: "Yéè! Igi ti gbàgbé ìṣirò!"

Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ ni à ń rí fùrọ̀ adìyẹ. Ní tiwa, afẹ́fẹ́ dúró ni a tó rí ti Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ó rọra gba àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó sì gbàgbé máìkì mọ́ ọrùn. Gbogbo gbọ̀ngàn ń gbọ́ ọ bó ti ń pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù: "Má tíì sanwó mọ́tò tuntun yẹn o... Mo ní má san án... Rárá, ọpọlọ kọ́, igi ni... Igi! Igi tí wọ́n ń gbẹ́!... Ṣé ìwọ náà ń rẹ́rìn-ín ni?"

Olórí yunifásítì nu omijé ẹ̀rín. Baba Ṣọ́ọ̀kì kọjú sí i. "Sà, orí mẹ́ta la yẹ̀ wò lórí ìtàgé lónìí, igi ni gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ ká gba èyí tó wà lórí bẹ́ǹṣì."

Olórí pe ọmọ mi síwájú. "Ìwọ ni wọ́n ní orí rẹ̀ ṣófo?"

"Èmi ni, sà."

"Òfin yẹn ti kú. Ààyè rẹ ti padà. Ṣé o ṣì fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa?"

Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó dìde. "Mo fẹ́ wá, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, láìdé nǹkan kan ni n ó wá."